Gàrí Tí Mo Fún Kílì

Bí mo bá ti dé Mando, ní Kaduna níbí, lásìkò ọyẹ́, òórùn ewé ẹ̀pà gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi, kí ti ẹṣin gan-an tó dé: òógùn, ìgbẹ́ tútù, awọ ìjánu tí oòrùn ti yan. Ìwọ tí a jọ dàgbà ní Nasarawa mọ̀ pé imú mi kì í gba òórùn; ẹja gbígbẹ tí ìyá rẹ máa ń sè, ó máa ń lé mi kúrò nílé yín ni. Ṣùgbọ́n òórùn ẹṣin, n kò mọ ohun tó fi ṣe mí. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti gbé mi kọ́rùn lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ Sàlá, tí ẹṣin kan yà kúrò lórí ìlà, tó wá fi imú fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lójú, ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Àwa ará Ìlọrin, wọ́n ní ẹṣin leégún ilé wa. Bàbá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eégún ilé ti gbé ọmọ òun lọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí mo ní n kò ní í kọ́ ọmọ kéwú bíi tirẹ̀, pé Mando ni mò ń lọ.

Màlámù tí mo lọ bá níbẹ̀, Haúsá ni, àgbàlagbà tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ ẹṣin, kó sì máa tà á fún àwọn tó fẹ́ gùn ún lọ́jọ́ Sàlá. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kó ìgbẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìjánu. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀: “Bàyárábè, lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù.” Bàyárábè ni Haúsá ń pe Yorùbá; lójú tiwọn, Yorùbá kò mọ ẹṣin, ọjà ló mọ̀. Màlámù kì í bá wọn dá sí i, kì í sì í bá wọn wí. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń mọ ẹni tó ti gbó nídìí iṣẹ́. Bó bá rí i pé àkókò tó, á fa ẹṣin kan lé ọ lọ́wọ́ pé kí o mú un lọ sílé fún ogójì ọjọ́. Ilé rẹ ni yóò ti máa jẹ, ibẹ̀ ni yóò ti máa sùn; ọ̀kadà, jẹnẹrétọ̀, ìpè àdúrà, agogo ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ariwo àdúgbò rẹ ni yóò mọ̀ títí kò fi ní í bẹ̀rù ohunkóhun. Lọ́jọ́ kọkànlélógójì, wàá mú un padà wá sí Mando, wàá sì bọ́ okùn ọrùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá tẹ̀lé ọ wọlé, o ti di ẹlẹ́ṣin nìyẹn, o lè máa kọ́ tìrẹ kí o sì máa tà á. Bí kò bá tẹ̀lé ọ, tàbí bí nǹkan bá ṣe é lọ́wọ́ rẹ, ó dìgbà.

Kílì ni wọ́n ń pe èyí tó fà lé mi lọ́wọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn Haúsá ń pe ẹṣin funfun. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá mi wo ẹṣin náà láti orí dé ìrù bó ṣe dúró sí àgbàlá wa, níbi tí a ń sá aṣọ sí, ó ní, “Ogójì ọjọ́ yìí ni èmi náà fún ọ o. Bí kò bá yọrí, ilé kéwú bàbá rẹ wà ńbẹ̀.” Mo ní mo gbà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò ní iṣẹ́ tí èèyàn lè dárúkọ níwájú àna.

Ẹnìkan ṣoṣo tí kò gbà ni bàbá tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wa. O rántí rẹ̀: díákónì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ iléèwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí Kílì dé, eṣinṣin ti kó lọ bá a lórí oúnjẹ. Ó kọ́kọ́ wá bá ìyá mi sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó tún wá, ó ní ẹṣin kì í ṣe ẹran ilé. Ìgbà kẹta, kò wá mọ́, bíríkìlà ló pè, ó fi bulọ́ọ̀kù ìlà méjì kún ògiri tó wà láàárín wa. Láti ọjọ́ yẹn ni òun àti ìyá mi kò ti kí ara wọn mọ́.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n ni wàhálà bẹ́ nígboro, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé, tọ̀sán tòru. O mọ bí Kaduna ṣe máa ń rí bó bá di bẹ́ẹ̀. Ìgboro á dákẹ́ débi pé wàá gbọ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹun ní òpópónà kejì. Àwọn ṣọ́jà wà lójú títì, kò sí ẹni tó lè sọdá afárá lọ sí Mando. Àwọn tó ń kó koríko wá fún mi láti ẹ̀yìn ìlú kò lè wá. Èmi tí mò ń pe ara mi ní ẹlẹ́ṣin, oúnjẹ ọjọ́ méjì péré ni mo ní nílẹ̀. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kẹta, n kò ní ewé ẹ̀pà kankan mọ́, mo ti gbá èérí ọkà tí ó kù nílẹ̀ àpò, èyí tí wọ́n ń pè ní dùsà, tó fi di pé eruku ni mò ń gbá. Kílì bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ó ń jẹ okùn tí mo fi so ó. Ó wá ń wò mí, ọ̀rẹ́ mi, bí ọmọdé ṣe ń wo ìyá rẹ̀ tó bá rí i tó ṣí ìdérí ìkòkò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí mo kírun Àsùbáà tán, mo wọ yàrá tí ìyá mi ń kó oúnjẹ sí. Àpò gàrí kan wà níbẹ̀ tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin, ó gbẹ, ó funfun báláú. Mo dúró tì í. Mo ní, ṣebí inú ilẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ṣebí ẹran ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́. Bí mo ṣe wọn módù mẹ́ta sínú báàfù nìyẹn tí mo gbé e fún ẹṣin ní gbígbẹ. Ó jẹ ẹ́, ó lá báàfù náà mọ́. Ó wá mu omi tẹ̀lé e, inú mi sì dùn débi pé mo ń fọwọ́ pa á lọ́rùn. Wò ó, èmi ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ti fà létí láti kékeré pé kí n má mu gàrí tí kò tíì wú tán. Ọmọ ọdún márùn-ún ilé wa mọ ohun tí ẹ̀kúnwọ́ gàrí ń ṣe nínú ife omi. Kò sí Haúsá kankan ní Mando tó máa ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí kò ní í sí àpò gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀.

Kò tíì tó aago mẹ́wàá tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi pátákò wa ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn wo ìhà ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń gún un níbẹ̀. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le bí ilẹ̀ símẹ́ńtì. Mo pe Màlámù lórí fóònù, mo ṣàlàyé ohun tí mò ń rí fún un. Kò bá mi pariwo. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí, lédè Haúsá: “Me ya ci?” Kí ló jẹ?

Mo ṣí ẹnu, gàrí kò jáde. Ohun tó ń dún létí mi ni ẹ̀rín àwọn ará Mando. Mo ń gbọ́ bí wọ́n á ṣe máa sọ ọ́ títí ayé, pé Bàyárábè yẹn fi gàrí bọ́ ẹṣin. Mo ní, “Dùsà ni, Màlámù. Dùsà nìkan.”

Ó ní bó bá jẹ́ dùsà ni, ó ti há sí i nínú nìyẹn, kí n fún un lómi dáadáa kó lè rọ̀. Ó tún fẹ́ sọ nǹkan kan, ni fóònù bá gé. Owó ìpè mi ti tán, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣí tí mo ti lè ra káàdì. Mo pọn omi láti inú kànga, mo gbé e síwájú Kílì, ó sì mu ún, nítorí ó fọkàn tán mi. Ìyẹn ló máa ń dùn mí jù títí dòní. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tí omi ń ṣe fún gàrí. Síbẹ̀ mo dúró, mo ń wò ó tó ń mu ún, nítorí Màlámù ló ní kí n fún un, mo sì ń ṣe bí ẹni pé dùsà tí mo pè é ti sọ ọ́ di dùsà lóòótọ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Tèmi kò tiẹ̀ sáré jìnnà. Kò pẹ́ tí Kílì fi wó lulẹ̀. Ó ń yíràá, ó ń fi ẹsẹ̀ ta òfuurufú, ó ń kérora. Ìwọ ò tíì gbọ́ kí ẹṣin kérora rí, má sì gbàdúrà àtigbọ́ ọ. Ìyá mi sáré jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó rí báàfù, ó rí gàrí tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ní, “O fún un ní gàrí, o wá fún un lómi.” Mo bú sẹ́kún níwájú ìyá mi, àgbà ọkùnrin. Gbogbo ohun tí mo ti fi ayé mi ṣe láti ọjọ́ tí ẹṣin ti fẹ́ mi lójú, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń kú, èmi ni mo sì ń pa á.

Mo dojú odó ìyá mi dé sídìí ògiri, mo gun orí rẹ̀, mo na ọrùn kọjá bulọ́ọ̀kù ìlà méjì yẹn. Díákónì wà lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, ó ń ka ìwé.

Mo ní, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ yá mi ní fóònù yín. Ẹṣin mi ń kú lọ.”

Ó wò mí títí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ti eṣinṣin ni. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó gun àga rẹ̀, ó na fóònù sí mi. N kò lè gbé fóònù olóhun sọ̀ kalẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kò kúrò lórí àga. Bó ṣe di pé ojú wa kọjú síra lórí ògiri nìyẹn, tí mo pe Màlámù, tí mo sọ ọ́ lédè Haúsá tí olúkúlùkù wa gbọ́: “Mo purọ́ fún yín. Kì í ṣe dùsà. Gàrí ló jẹ, gbígbẹ, módù mẹ́ta. Mo sì ti fún un lómi tí ẹ ní kí n fún un.”

Mo gbọ́ ẹṣin tó ń yán lẹ́yìn Màlámù ní Mando, ara rẹ̀ le, ó yó. Ohùn Màlámù kò yí padà. Ó ní kí n má fún un ní ẹ̀kán omi kan mọ́. Kí n po òróró ẹ̀pà mọ́ kánwún díẹ̀, kí n dà á sí i lọ́fun pẹ̀lú ìgò. Kí n gbé e dìde, kí n máa mú un rìn, kí n má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ títí yóò fi yàgbẹ́. “Bí kò bá yàgbẹ́ kí oòrùn tó wọ̀,” ó ní, “kí o fi ojú rẹ̀ kọ gábàsì.” Àwa Mùsùlùmí mọ ìtumọ̀ ìyẹn: kí n dú u.

Mo dá fóònù padà fún Díákónì. Ó ní, “Gàrí?” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ó mi orí, ó ní, “Ọmọ Yorùbá,” ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga rẹ̀.

Èmi àti ìyá mi fà á, a tì í, a bẹ̀ ẹ́, ó dìde. A da òróró náà sí i lọ́fun. Ìdajì rẹ̀ bọ́ sórí gèlè ìyá mi. Ṣùgbọ́n níbo ni a fẹ́ mú un rìn sí? O mọ àgbàlá wa. Bí ẹṣin bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá, ó ti dé ilé ìwẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ yí padà, nígbàkigbà tó bá sì fẹ́ yí ni orúnkún rẹ̀ máa ń fẹ́ wó. Òde kò ṣeé jáde sí; ṣọ́jà wà ní ẹnu ọ̀nà òpópónà. Nígbà tó di ìgbà kẹta tó fẹ́ dùbúlẹ̀ tí a fi èjìká gbé e ró, mo ti ń wo ibi tí ìyá mi ń fi ọ̀bẹ sí.

Ìgbà náà ni a gbọ́ gbì lára ògiri, a tún gbọ́ gbì. Bulọ́ọ̀kù kan jábọ́ sí àgbàlá wa, èkejì tẹ̀lé e. Díákónì ló gbé díígà, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lára, bàbá tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ìyá mi ní, “Ẹ̀yin bàbá yìí, kí lẹ̀ ń ṣe?” Ó ń lu ògiri lọ títí ihò náà fi tó ohun tí ẹṣin lè gbà kọjá. Ó wá nu ojú, ó ní, “Àgbàlá tiyín kéré jù. Ẹ mú un gba ẹ̀yìn ilé mi.”

A rìn. Láti ìdí kànga wa, gba inú ògiri, yí igi máńgòrò Díákónì ká, gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, kí a tó tún padà. Bó bá rẹ̀ mí, Díákónì á gba okùn. Bó bá rẹ òun náà, ìyá mi á fa okùn lápá kan, á máa ka tẹ̀sùbáà lápá kejì. Wọ́n pe ìrun Àílà, Kílì kò yàgbẹ́. Ikùn rẹ̀ wú sí i, etí rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ ti ń yí sókè. Wọ́n pe Alásárì, kò yàgbẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, Kílì, dárí jì mí. Mo ní bó bá yè é, n kò ní í gun ẹṣin mọ́ láyé mi, mà á lọ kọ́ ọmọ kéwú, mà á fẹ́ ẹni tí ìyá mi bá yàn. O rí i, mo ti ń ta gbogbo ẹrù mi fún Ọlọ́run lọ́pọ̀. Ọlọ́run kò rà á. Oòrùn kàn ń lọ ni, ó ti bọ́ sẹ́yìn ilé Díákónì, òjìji máńgòrò sì ti gba ihò inú ògiri kọjá sí ọ̀dọ̀ wa.

Mo ní kí ìyá mi bá mi mú ọ̀bẹ wá. Ó lọ. Nígbà tó fi máa padà dé, mo gbọ́ ikùn Kílì tó kùn, ó pẹ́ tó ń kùn, ó wá so. Mo ní ó so, kì í ṣe díẹ̀. Díákónì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tiẹ̀ sún kúrò. Kílì tún rìn bí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó na ìrù, ó yàgbẹ́ sídìí máńgòrò, funfun, rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀, bí ẹ̀bà tí kò jinná. Ìyá mi ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ní “Alihamudulilahi,” Díákónì náà ní “Ògo ni fún Olúwa,” àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró yí ìgbẹ́ ẹṣin ká, à ń sunkún.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n dẹ okùn kónílé-ó-gbélé, Màlámù sì gun ọ̀kadà wá. Ó yẹ ẹnu Kílì wò, ó gbé etí lé ikùn rẹ̀, ó wo ihò inú ògiri. Ó wá yíjú sí mi níwájú ìyá mi, ó ní, “Me ya ci?” Ó kúkú ti mọ̀. Mo ní, “Gàrí.” Ó ní ẹṣin kò lè sọ̀rọ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni ẹnu rẹ̀, bí ẹnu bá purọ́, ara ló máa kú. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ogójì ọjọ́ náà láti ọjọ́ kìíní. Nígbà tó pé, Kílì tẹ̀lé mi wọlé ní Mando láìsí okùn. Àwọn èèyàn tí mò ń sá fún ẹ̀rín wọn sì rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Wọ́n sọ mí ní Mài Kwákì, ìyẹn ẹni tó ni gàrí, orúkọ náà ni wọ́n sì ń pè mí títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Díákónì kò mọ ògiri rẹ̀ padà, ilẹ̀kùn ló fi síbẹ̀. Ó ń gba ìgbẹ́ ẹṣin lọ́wọ́ ìyá mi sídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi sin ín.

Mo ti kọ́ ẹṣin púpọ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti tà á káàkiri. N kò ní ọgbọ́n àrà ọ̀tọ̀ kan. Ohun tí mo ní kò ju pé bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní nǹkan nípa ẹṣin tí mo fẹ́ tà, mo máa ń sọ ohun tó jẹ́: èyí ń bẹ̀rù agbòòrùn, èyí ti subú rí, èyí kò gba obìnrin lẹ́yìn. Èmi ni ẹnu rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, tíṣà kan tó ra ẹṣin pupa lọ́wọ́ mi pè mí láti Ungwan Romi, nínú Kaduna níbí náà. Ó ní ẹṣin náà ń fi pátákò wa ilẹ̀, ó ń wo ìhà ara rẹ̀. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ní, “Koríko ni, ẹ̀gbọ́n,” ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀, mo sì mọ ìdákẹ́ yẹn bí mo ṣe mọ àgbàlá ìyá mi. N kò bá a jà. Mo ní, “O mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Mài Kwákì?” Mo sọ ọ́ fún un, kúkúrú, títí dé ibi tí mo ti dúró tí mò ń wo Kílì tó ń mu omi. Mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì ìsọmọlórúkọ, àpò kan.”

Mo ní kó gbé omi kúrò níwájú rẹ̀, mo sì ń wá bàtà mi.